Mo Pààrọ̀ Pọ́líìṣì Ìyàwó Mi Nítorí Owú

Bí ẹ bá fẹ́ bú mi, ẹ ṣe sùúrù kí n sọ ọ́ tán ná. Èébú náà á dùn ún bú jù bẹ́ẹ̀ lọ tí ẹ bá ti gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Èmi àti ìyàwó mi la jọ ń dán ọkọ̀. Mi ò sọ pé a ń fọ ọkọ̀ o. Ẹni tó bá pè mí ní afọkọ̀, ìjà dé nìyẹn. Ọkọ̀ tí oòrùn ti gbà lójú, tí àkísà burúkú ti ha lára, òun ni wọ́n ń gbé wá fún wa. A ó fi pọ́líìṣì àti ẹ̀rọ dán an títí ẹ ó fi lè fá irùngbọ̀n yín lójú bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè mí ní Dígí.

Mi ò kàwé lọ títí. Èyí tí mo mọ̀ ọ́n kà, ara páálí àti ara agolo pọ́líìṣì ni mo ti kọ́ ọ. Iṣẹ́ yìí náà, èmi ni mo kọ́ ara mi. Ìyàwó mi wá, èmi ni mo kọ́ ọ níṣẹ́. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà.

Nígbà tí mò ń kọ́ ọ, ohun kan ṣoṣo ni mi ò lè tún ṣe lára rẹ̀: ọwọ́ òsì ló ń lò. Òsì ló fi ń di ẹ̀rọ mú, òsì ló fi ń nu ọkọ̀. Mo pariwo títí ọ̀nà ọ̀fun mi fi gbẹ.

"Ìyá Ìbejì, ọwọ́ ọ̀tún!"

Á ní, "Bàbá Ìbejì, ṣé ọkọ̀ náà mọ̀?"

Ọkọ̀ ò mọ̀ lóòótọ́. Ohun tí ọkọ̀ mọ̀ ni pé ọwọ́ ìyàwó mi fúyẹ́. Kò pẹ́ tí àwọn oníbàárà fi sọ ọ́ ní Ọlọ́wọ́ Òwú.

Níbẹ̀rẹ̀, inú mi dùn, mo ń fi í yangàn. "Èmi ni mo kọ́ ọ o!" Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, ọkọ̀ á dúró lẹ́nu ọ̀nà wa, ẹni tó wà á á yọ orí síta, á wo iwájú mi, á wo ẹ̀yìn mi, á wá ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìyá Ìbejì ńkọ́?"

Èmi tí mo dúró síbẹ̀, òpó ni mí.

Aránṣọ tó wà ní ìsọ̀ kejì, obìnrin tí ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ́rẹ́ rẹ̀ lọ, òun ló kọ́kọ́ sọ ọ́ jáde. Ó ń kọjá lọ, ó ní, "Dígí, ó jọ pé wọn ò wojú nínú rẹ mọ́ o. Òwú ni gbogbo ayé ń rà báyìí!"

Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín tèmi ò kọjá eyín.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí a ṣe ń ṣiṣẹ́, kí èyí tó ń bọ̀ lè yé yín. Inú kẹ́ẹ̀gì ńlá ni pọ́líìṣì wa máa ń wà, a ó wá dà á sínú ìgò oníke kéékèèké tó jọra wọn bí àwọn ọmọ wa. Àwọ̀ kan náà ni gbogbo rẹ̀, funfun bí wàrà. Ká má bàa ṣì í mú, ìyàwó mi máa ń so àkísà tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ọrùn ìgò kọ̀ọ̀kan, á ta kókó sí i. Kókó kan ni pọ́líìṣì tó rọ̀ jùlọ. Kókó méjì ni ti àárín. Kókó mẹ́ta ni èyí tó le, tó dà bí ẹni pé wọ́n po iyanrìn kíkúnná mọ́ ọn, tó ń gé ojú ọ̀dà kúrò bí fáìlì ṣe ń gé irin. Ìyàwó mi nìkan ló ń ta kókó yìí. Èmi ò bá a dá sí i, mo kàn ń mú ìgò ni.

Bẹ́ẹ̀ la wà tí dókítà eyín kan fi gbé ọkọ̀ rẹ̀ dé.

Dókítà yìí ga, ó mọ́ tónítóní, eyín rẹ̀ tò bí àgbàdo tuntun. Ó máa ń rọra sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń bẹ eyín pé kó jọ̀ọ́ kó jáde. Ọkọ̀ rẹ̀ dúdú, ó ti pẹ́, ṣùgbọ́n ó rẹwà. Wàhálà rẹ̀ ni pé ìlà wẹ́wẹ́ bí okùn aláǹtakùn ti gba gbogbo ara rẹ̀. Tí oòrùn bá tàn sí i, ẹ ò ní rí dúdú mọ́, ìlà lásán lẹ máa rí.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ kun ọkọ̀ yìí. Akunkọ̀ ni. Ó ti kú. Ọ̀dà tó pò sí i, òun nìkan ló mọ bó ṣe pò ó. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún un kùn láyé mi. Ìlà yẹn nìkan ni kí ẹ bá mi mú kúrò."

Mo ní, "Kò sí wàhálà, dókítà."

Èmi ni mo dáhùn, ìyàwó mi ni dókítà ń wò.

Ìyàwó mi ti bẹ̀rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ilẹ̀kùn, bí ẹni tó ń wò bóyá ara ọmọ ń gbóná. Ó ṣí búùtù, ó fi etí aṣọ gbígbẹ nu ibi kékeré kan tí ẹnikẹ́ni ò lè rí, ó tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Ìlà ti hàn níbẹ̀. Aṣọ lásán o!

Ó ní, "Dókítà, ọ̀dà yìí rọ̀. Ó rọ̀ ju ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ ọwọ́ lọ."

"Ṣé ó ṣeé ṣe?"

"Ó ṣeé ṣe. Ẹ̀sọ̀ ló máa gbà."

Mo ní kókó mẹ́ta ni ká kọ́kọ́ fi gé ìlà náà kúrò, ká wá fi kókó kan dán an. Bí mo ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ọkọ̀ tí mo ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún ò lóǹkà.

Ìyàwó mi ò bá mi jiyàn lójú àlejò. Ó rọra ní, "Bàbá Ìbejì, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tó rọ̀ jù. Tí kò bá tó, a lè fi kún un. Èyí tí pọ́líìṣì líle bá gé lọ, ta ló máa bá wa dá a padà?"

Dókítà mi orí. Ó ní, "Ọ̀rọ̀ nìyẹn. Bí àwa náà ṣe ń ṣe sí eyín nìyẹn."

Làwọn méjèèjì bá wo ara wọn, wọ́n rẹ́rìn-ín, bí ẹni tó jọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan náà. Nǹkan ta mí láyà bí ẹ̀gún.

Lójú mi báyìí ló ṣe lẹ téèpù yí ibì kan ká lábẹ́ ìdérí búùtù, ibi tí kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ó kán pọ́líìṣì kókó kan sórí fóòmù ẹnu ẹ̀rọ tó rọ̀ jùlọ. Ó jẹ́ kí ẹ̀rọ máa yí jẹ́jẹ́, kò tẹ̀ ẹ́ rárá. Ó nù ún, ó tan tọ́ọ̀ṣì. Ó tún un ṣe, ó nù ún. Ìlà ń ṣí lọ, dúdú ń jáde wá láti abẹ́ rẹ̀ bí omi inú kànga.

Ó yẹ kí n kí i. Mo ní, "Tó o bá ń ṣe báyìí, àwọn ìbejì á ti gbéyàwó kó o tó dé òrùlé ọkọ̀."

Dókítà wá ń yà lójoojúmọ́ wá wo ọkọ̀ tí a ò tíì bẹ̀rẹ̀ nítorí àwọn ọkọ̀ tó ti wà níwájú rẹ̀. Á fa bẹ́ǹṣì sún mọ́ ibi tí ìyàwó mi wà. Á bi í ní èyí, á bi í ní tọ̀hún. Kí ló dé tí dúdú kan fi ń rọ̀ ju dúdú kejì lọ? Ṣé fóòmù ló ṣe pàtàkì jù ni àbí pọ́líìṣì? Ìyàwó mi á máa ṣàlàyé, ojú rẹ̀ á máa tàn. Èmi á wà lẹ́bàá táyà, màá máa fi búrọ́ọ̀ṣì ha irin, màá máa ha á kíkankíkan.

Nígbà tí a ń jẹun nílé lálẹ́ ọjọ́ kan, mi ò lè pa á mọ́ra mọ́. Mo ní, "Dókítà yìí, ṣé ọkọ̀ ló ń wá wò ni, àbí ẹni tó ń dán ọkọ̀?"

Ìyàwó mi gbé síbí rẹ̀ kalẹ̀. "Bàbá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́. Ọkùnrin tó ń fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ wo ẹnu èèyàn, ẹnu tèmi ló tún máa ṣíwọ́ iṣẹ́ wá wò?"

Àwọn ìbejì bú sẹ́rìn-ín. Ó ti parí ọ̀rọ̀ nìyẹn. Tèmi ò parí.

Ohun tó wá dá kún un ni ọ̀rọ̀ tí mo gbọ́ ní ọ̀sán ọjọ́ kejì. Dókítà ń bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ó rò pé mo ti jáde. Ó ní, "Gbé tìrẹ náà wá, ọ̀rẹ́. Rárá, ọkọ kọ́. Ìyàwó ni. Ọkọ ń bá a pọn omi ni."

Pọn omi!

Èmi! Èmi tí mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń di ẹ̀rọ mú!

Nígbà tí ìyàwó mi lọ mú àwọn ọmọ nílé ìwé, mo dúró níwájú pákó tí a ń to ìgò sí. Mo wo kókó kan. Mo wo kókó mẹ́ta. Wọ́n sọ pé òjòwú ò lẹ́ran láyà. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, àní mi ò ní ojú, mi ò ní etí.

Ẹ gbọ́ ohun tí mo rò. Mo ní ọkọ̀ náà ò ní bàjẹ́ púpọ̀. Á kàn ṣú lójú ni. Ìdààmú á bá ìyàwó mi, ojú á tì í, dókítà á ní, "Ọ̀gá, ẹ gbà wá o!" Èmi á wá wọlé bí ọba, màá gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ rẹ̀, màá tún un ṣe. Wọ́n á mọ ẹni tó ń pọn omi.

Mo fẹ́ tú àwọn kókó náà, wọn ò tú. Kókó obìnrin yẹn le bí orí kunkun. Mo fi bíléèdì gé àkísà náà, mo sọ ọ́ nù. Mo fa òmíràn ya lára aṣọ kan náà. Mo so kókó kan mọ́ èyí tó le. Mo so kókó mẹ́ta mọ́ èyí tó rọ̀. Mo tò wọ́n padà bí mo ṣe bá wọn.

Nígbà tí ìyàwó mi dé, ó bá mi mú omi tútù bọ̀. Ó ní, "Oòrùn yìí mú. Ẹ mu ún." Mo mu ún.

Òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni iṣẹ́ fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Dókítà ti dé kó tó lọ síbi iṣẹ́ tirẹ̀, ó lóun fẹ́ fi ojú ara òun rí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ìyàwó mi ti fọ ọkọ̀, ó ti lẹ téèpù sí gbogbo etí rẹ̀, ó ti kó ìgò sílẹ̀. Èmi ti wọ bàtà. Mo ní mò ń lọ ra fóòmù.

Ìyàwó mi ní, "Ẹ dúró ná, Bàbá Ìbejì."

Ó yíjú sí dókítà. Ó ní, "Dókítà, ẹ ti ń yìn mí láti ọjọ́ yìí, mo sì ń gbọ́. Ṣùgbọ́n ọkọ mi nìyí. Òun ló kọ́ mi. Ọkọ̀ tó bá ṣe pàtàkì báyìí, òun ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án." Ó bá gbé ẹ̀rọ lé mi lọ́wọ́. Ó na ìgò sí mi pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

Kókó kan. Kókó tí mo ta.

Mo ní, "Ẹ̀yìn ń dùn mí."

"Bọ́nẹ́ẹ̀tì nìkan ni. Màá di wáyà mú fún yín."

"Ìwọ lo mọ ọkọ̀ náà jù. Máa ṣe é."

Dókítà rẹ́rìn-ín. "Àbí ọkọ̀ mi ń ba Dígí lẹ́rù ni?"

Àwàdà ló ń ṣe. Ṣùgbọ́n mo ja ìgò náà gbà. Ó yẹ kí n sọ pé, "Ẹ jẹ́ kí n dán an wò lábẹ́ búùtù ná." Gbólóhùn kan péré ni ì bá gbà mí là. Ìgbéraga ò jẹ́ kó jáde. Mo kán pọ́líìṣì sí fóòmù, mo tan ẹ̀rọ.

Mo ní màá rọra ṣe é. Ọwọ́ mi ò gbọ́. Ọwọ́ tí títẹ̀ ti mọ́ lára ò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní rọra. Mo ń gbọ́ bí ó ṣe ń kùn yún-ún, yún-ún, bí ẹni ń fi iyanrìn fọ ìkòkò. Bọ́nẹ́ẹ̀tì yẹn ní òkè tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó gba àárín rẹ̀ kọjá. Ẹ̀rọ gun orí òkè náà, ó tún gùn ún. Ìyàwó mi kígbe pé, "Ẹ pa á! Bàbá Ìbejì, ẹ pa á!"

Mo pa á. Mo nù ún.

Ojú ọkọ̀ náà ti ṣú bí ojú tí àwọ̀ funfun bò. Èyí ṣì ṣeé tún ṣe. Ṣùgbọ́n lórí òkè tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn, dúdú ti lọ. Ọ̀dà eérú tí wọ́n kùn sábẹ́ ló yọ síta, gígùn rẹ̀ tó ìka, bí eegun tó yọ lára ẹran.

Dókítà sún mọ́ ọkọ̀. Ó tẹríba lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó gbé ìka lé ibẹ̀, kò gbé e kúrò.

Ẹ̀rù bà mí. Ẹ wá gbọ́ ohun tó ti ẹnu mi jáde: "Ìyá Ìbejì, ìwọ lo gbé e fún mi o! Ìwọ lo gbé pọ́líìṣì yìí lé mi lọ́wọ́!"

Ìyàwó mi gba ìgò. Ó kán díẹ̀ sórí ìka, ó fi àtàǹpàkò rà á. Ó tún rà á. Ó wá gbé ọrùn ìgò náà sójú, ó wo kókó. Ó mú ìgò kókó méjì, èyí tí mi ò fọwọ́ kàn, nílẹ̀, ó gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

Àní láti bí ọdún mélòó tí mo ti ń mú ìgò wọ̀nyẹn, mi ò rí i rí. Ọwọ́ òsì ló fi ń ta kókó. Gbogbo kókó rẹ̀, òsì ló ń kọjú sí. Èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ yìí kọjú sí ọ̀tún.

Èèyàn méjì péré ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Ó gbójú sókè, ó wò mí. Mo ti rí ìyàwó mi níbi tí ó ti ń bínú, mo ti rí i níbi tí ó ti ń sunkún. Mi ò rí ojú yẹn rí. Bí ẹni tó kanlẹ̀kùn ilé rẹ̀ tí àjèjì wá ṣí i fún un.

Dókítà ṣì kọ ẹ̀yìn sí wa. Kò rí nǹkan kan.

Ìyàwó mi ki ìgò náà bọ àpò aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó kúnlẹ̀. Ó ní, "Dókítà, ẹ má bínú. Èmi ni mo kó ìgò sílẹ̀. Ẹ̀bi mi ni."

Dókítà yíjú padà. Ojú rẹ̀ ti pọ́n. Ó ní, "Ìyá Ìbejì, ẹnu yín ni mo ti gbọ́ ọ o, pé èyí tó bá ti lọ, kò sẹ́ni tó máa dá a padà. Ẹnu yín! Mo gbà yín gbọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ni mo fi síkàáwọ́ yín, kì í ṣe ọkọ̀."

Ó wọ ọkọ̀ rẹ̀, téèpù ṣì wà lára rẹ̀, ó wà á lọ. Ìyàwó mi wà lórí ìkúnlẹ̀. Èmi dúró bí òpó. Mi ò la ẹnu.

Nígbà tó dìde, ohùn rẹ̀ balẹ̀. "Kí ni mo ṣe fún yín?"

Mo gba ọ̀nà tí mo rò pé yóò yọ mí. Mo ní, "Ìwọ àti dókítà yẹn! Ṣé ẹ rò pé mi ò rí yín ni? Ẹ̀rín lónìí, ẹ̀rín lọ́la!"

Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dára. Ó ní, "Bàbá Ìbejì, ẹ má purọ́ mọ́ ara yín. Tó bá jẹ́ pé owú ọkùnrin lẹ ń jẹ, ẹ̀ bá ti lé e jáde níbí, tàbí kí ẹ lù mí. Ẹ ò ṣe ìkankan. Iṣẹ́ ọwọ́ mi lẹ lọ bà jẹ́. Èmi lẹ̀ ń jowú. Èmi, ìyàwó yín."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí bí bàtà tí wọ́n wọn ẹsẹ̀ mi rán.

Ó bọ́ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó fi kọ́ ìṣó. "Màá se oúnjẹ yín. Màá tọ́jú ọmọ. Ṣùgbọ́n mi ò ní fọwọ́ kan ìgò tí ọwọ́ tiyín náà lè dé, títí ẹ ó fi sọ fún ọkùnrin yẹn."

Mo ní, "Kí n lọ sọ kí ni? Kí n lọ ba ara mi jẹ́?"

Ó ní, "Ẹ kúkú ti ba ìdajì jẹ́."

Ọ̀rọ̀ dé gbogbo àdúgbò. Aránṣọ ò tiẹ̀ rẹ́rìn-ín nígbà tó ń sọ ọ́. "Wọ́n ní Òwú ti jóná." Ọ̀rẹ́ dókítà tó fẹ́ gbé ọkọ̀ wá, kò wá mọ́. Àwọn kan wá, èmi ni wọ́n sì béèrè. Ohun tí mo ń fẹ́ nìyẹn, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Ọ̀kan bi mí pé, "Dígí, ṣé lóòótọ́ ni ìyàwó yín ba ọkọ̀ dókítà jẹ́?"

Mo ní, "Ó máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà mìíràn."

Ẹ ti rí irú ẹni tí mo jẹ́. Lẹ́ẹ̀kejì nìyẹn tí mo jẹ́ kó ru ẹ̀bi mi.

Ohun tó fọ́ mi ò pọ̀. Mo wọlé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìyàwó mi ń nu tábìlì. Kò mọ̀ pé mo wà lẹ́nu ọ̀nà. Ọwọ́ òsì rẹ̀ ń yí aṣọ náà kiri jẹ́jẹ́, òbìrípo lórí òbìrípo, kò tẹ̀ ẹ́. Ó ń tẹríba wo ojú tábìlì náà ní ẹ̀gbẹ́, bí a ṣe máa ń wo bọ́nẹ́ẹ̀tì bóyá ìlà ṣì kù. Tábìlì igi lásán ni o. Kò sí ohun tó fẹ́ dán níbẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ló ń wáṣẹ́.

Mo padà sẹ́yìn. Mi ò bọ́ bàtà. Ọ̀dọ̀ dókítà ni mo gbà lọ.

Èrò kún yàrá tí wọ́n ti ń dúró dè é. Ìyá àgbàlagbà kan wà níbẹ̀, ọkùnrin kan tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú bí ẹni fi bọ́ọ̀lù sẹ́nu, àti àwọn mìíràn. Dókítà jáde, ìbomú wà lẹ́nu rẹ̀. Ó rí mi.

"Eyín ni?"

"Rárá, dókítà. Ọ̀rọ̀ ni. Ṣé a lè wọlé?"

"Mo láláìsàn lórí àga. Ẹ sọ ọ́."

Mo sún mọ́ etí rẹ̀, mo rọra sọ ọ́: "Èmi ni mo pààrọ̀ pọ́líìṣì. Ìyàwó mi ò mọ̀ nípa rẹ̀."

Ó dúró. Ó fa ìbomú rẹ̀ wálẹ̀. Ó wò mí títí n ò fi lè wo ojú rẹ̀ mọ́. Ó ní, "Ẹ sọ ọ́ sókè."

"Dókítà, ẹ jọ̀ọ́..."

"Inú yàrá yìí ni mo ti sọ fún ẹni tó bá ti béèrè pé ìyàwó yín ló ba ọkọ̀ mi jẹ́. Inú rẹ̀ náà ni kí wọ́n ti gbọ́ èyí tó kù. Ẹ sọ ọ́ sókè."

Mo sọ ọ́. Mo sọ bí mo ṣe gé àkísà, bí mo ṣe ta kókó, bí mo ṣe tún yí i lé ìyàwó mi lórí.

Ìyá àgbàlagbà náà di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú. "Ìyàwó rẹ? Ìyàwó tó o fẹ́ sílé?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Háà! Eyín ń dùn mí tẹ́lẹ̀ o. Ìwọ yìí ti jẹ́ kí gbogbo orí máa dùn mí."

Ọkùnrin ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ wíwú fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó dùn ún, ó dákẹ́.

Dókítà ní, "Kí ló dé? Nítorí tèmi ni?"

Mo ní, "Mo fi ẹ̀yin bojú ni, dókítà. Ọwọ́ rẹ̀ ni mò ń jowú."

Ó ní, "Mi ò ní purọ́ fún yín pé mo ti dárí jì yín. Ojoojúmọ́ ni mò ń rí ibi tí ọ̀dà eérú yọ yẹn. Ṣùgbọ́n èmi náà ti bú ẹni tí kò ṣẹ̀. Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́. Tó bá ṣì lè wò mí lójú, kó wá parí ọkọ̀ náà nílé mi." Ó fa ìbomú rẹ̀ padà sókè. "Òun nìkan o."

Nígbà tí mo délé, mo kúnlẹ̀ kí n tó sọ ọ́ fún ìyàwó mi. Ó gbọ́ ọ tán. Ohun kan ṣoṣo ló bi mí.

"Ṣé etí dókítà nìkan lẹ sọ ọ́ sí?"

"Etí gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀."

Ó mí kanlẹ̀. Kò dì mọ́ mi, kò ní òun ti gbàgbé. Ó ní, "Ẹ dìde. Orúnkún yín ń dọ̀tí."

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ohun a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Gbogbo ayé ló mọ òwe yẹn, èmi náà mọ̀ ọ́n. Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé èèyàn náà wà lára ohun tí wọ́n ń sọ. Ọkọ tí ìyàwó rẹ̀ mọṣẹ́ jù ú lọ, kó lọ kọ́ṣẹ́ sí i tàbí kó máa fi í yangàn. Ọ̀nà kẹta tí mo tọ̀, ẹ má tọ̀ ọ́. Ìyàwó mi ṣì ń ṣe dáadáa sí mi, ṣùgbọ́n ibì kan wà lára rẹ̀ tí kò jẹ́ kí n fọwọ́ kàn mọ́, mi ò sì lẹ́nu láti bi í.

Ní àárọ̀ tó fẹ́ lọ parí ọkọ̀ náà, ó ní ẹ̀rọ wúwo, kí n bá òun gbé e dé ẹnu géètì dókítà. Mo gbé e. Ó gbà á níbẹ̀, ó wọlé, wọ́n ti géètì. Mo jókòó sórí òkúta kan níta, nínú oòrùn, mò ń gbọ́ bí ẹ̀rọ ṣe ń yí jẹ́jẹ́ lẹ́yìn ògiri.

Aránṣọ ló wá ń kọjá lọ. Ó dúró, ó wo géètì, ó wò mí. "Dígí, kí lò ń ṣe síbí?"

Mo ní, "Mò ń dúró de ọ̀gá mi."